Ẹ̀yin Tísà Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ẹ Má Ju Kàyé Yín Nù

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Láti Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lọ́jọ́ ọjà tó kọjá. Àwọn tísà mẹ́ta la jọ dúró, ilé-ìwé aládàáni ni gbogbo wọn ti ń kọ́ ọmọ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn, àbúrò ni sí mi, ohun tó ń tẹnu ẹ̀ jáde ò ju "kí ni mo fẹ́ ṣe, mi ò ní kọ́ńtírà, ìwé àdéhùn iṣẹ́, ta ni mo fẹ́ bá rojọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí èmi náà ti sọ ọ́ rí, mo sì gbà á gbọ́ nígbà yẹn, irọ́ sì ni.

Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ CP, kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níléèwé kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Nígbà tí oyún mi wọ oṣù keje, ẹni tó ni ilé-ìwé pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí àwọn ọmọ ṣe ń lọ jẹun, ó na bébà kan sí mi, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, orúkọ mi wà níbẹ̀, pé èmi fúnra mi ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ku kí n fọwọ́ sí i. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ mi, àmì ìka mi hàn funfun lára bébà ọ̀hún. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa, déètì tí wọ́n kọ sí i jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tí mo wà ní kíláàsì tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní àyọkúrò! Mo ní ẹ jẹ́ n mú un lọ fi han bàbá ọmọ. Ó ní rárá, ibẹ̀ ni kí n ti buwọ́ lù ú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò ní gba owó oṣù yẹn. Mi ò buwọ́ lù ú. Déètì yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Kò sì san owó oṣù yẹn lóòótọ́. Bàbá kan ládùúgbò wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, ló ní kí n lọ bá ìnsípẹ́kítọ̀. Mo ní bàbá, ìnsípẹ́kítọ̀ kọ́ ló gbà mí síṣẹ́. Ó ní kì í ṣe ti ilé-ìwé, ti iṣẹ́ ni, inspecteur du travail, ọ́fíìsì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo wọ mọ́tò ní ìdájí pẹ̀lú ikùn mi. Ọ̀gá tó dá mi lóhùn bi mí pé kọ́ńtírà mi dà, mo ní kò sí. Ó ní kí ló wá wà? Mo ní kàyé ni. Ẹ̀yin tísà mọ̀ ọ́n, cahier journal, èyí tí a máa ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí, tí dirẹ́tọ̀ máa ń yẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á fọwọ́ sí i, á lu òǹtẹ̀ ilé-ìwé mọ́ ọn. Mẹ́rin ni mo kó lọ, òjò ti ba ìkarùn-ún jẹ́. Ó ń ṣí wọn lójú ewé lójú ewé, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń fi bírò tọ́ka sí òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá ló ní ohunkóhun tó bá ti fi hàn pé èèyàn ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, tí onítọ̀hún sì ń sanwó fún un, ẹ̀rí ni, òfin ò ní dandan kó jẹ́ ìwé kọ́ńtírà.

Ó fìwé pe ẹni tó ni ilé-ìwé. Lẹ́ẹ̀kíní kò yọjú, lẹ́ẹ̀kejì ó wá. Ìnsípẹ́kítọ̀ ka òfin iṣẹ́ ti 1998 sí i létí, pé ọ̀sẹ̀ 14 ni aboyún ní láti fi sinmi, 6 kó tó bímọ, 8 lẹ́yìn tó bá bí i, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ tìtorí oyún lé e. Wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, ìgbà mẹ́ta ló fi san gbèsè mi tán. Ká ní kò gbà ni, wọn ì bá kọ ọ́ pé a ò rẹ́, ìwé yẹn ni ì bá gbé wa dé tíríbúnà, níwájú adájọ́ tó ń rí sí ẹjọ́ iṣẹ́. Kí ẹjọ́ iṣẹ́ tó dé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ìnsípẹ́kítọ̀ yìí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà, wọn kì í sì í gbowó ìpẹ̀jọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú ṣá. Òfin 2017-05, ti 29 oṣù kẹjọ 2017, fi ààlà sí owó gbà-má-bínú tí adájọ́ lè ní kí wọ́n san fún ẹni tí wọ́n lé láìtọ́, kò gbọdọ̀ dín sí owó oṣù 3, kò gbọdọ̀ ju ti oṣù 9 lọ. Owó oṣù tó kéré jù ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52,000 sẹ́fà láti oṣù kìíní 2023, ẹ ṣírò ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, 468,000 ni. Ẹni tó ti fi ogún ọdún kọ́ ọmọ, tí àwọn tó kọ́ ní CI, kíláàsì àkọ́kọ́, ti ń bímọ, owó oṣù 9 náà ni tiẹ̀ máa parí sí! Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ bá ń kàwé ìròyìn yìí, ẹ tún un gbé yẹ̀ wò, mo bẹ̀ yín.

Àwọn tísà ìjọba ní ọ̀nà tiwọn, iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dúró, bí ìpinnu ibẹ̀ ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba, chambre administrative, ló kàn. Ẹ má sì gbàgbé pé 5 oṣù kẹwàá tí gbogbo ayé ń fi ṣọdún àwa tísà, torí ìwé tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé fọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn ní 1966 ni. Ó wà nínú ẹ̀ pé kí wọ́n kọ ẹ̀sùn tísà fún un sínú ìwé, kó rí ẹ̀rí tí wọ́n ní sí i, kó rí ẹni gbèjà ẹ̀, kó sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kì í ṣe òfin tó de ìjọba o, àmọ̀ràn ni, ṣùgbọ́n a máa ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn láìbèèrè ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, Ọ̀gá Olóòtú, ni pé kí ẹ máa fi Yorùbá tẹ àwọn òfin iṣẹ́ yìí jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí Faransé inú ìwé òfin le fún àwa tísà gan-an, ká má tíì sọ àwọn ìyá wa.

Àbúrò mi tí wọ́n lé yẹn, mo ti ní kó kó àwọn kàyé ẹ̀ jáde. Ó ní ìyá òun ti ya méjì fi pọ́n àkàrà. Ó ku méjì. A jọ ń lọ lọ́jọ́ Ajé.

Tísà kan,
Kétu