Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ fi ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀

Àkànní àbúrò mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ gbà pé o ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní Àgbowó pé orúkọ tìrẹ nìkan ni yóò máa wà lára orin rọ́ọ̀kì tí o bá ń gbé jáde báyìí. N kò bá ọ wí. Ní Ìbàdàn yìí náà ni Orlando Julius ti bá ẹgbẹ́ Eddy Okonta ṣeré kí ó tó dá Modern Aces tirẹ̀ sílẹ̀, inú ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, sì ni Sunny Adé ti kúrò kí ó tó dá Green Spots sílẹ̀ ní 1967. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òkè òkun: ẹgbẹ́ olórin Sugarcubes ti Iceland tú ká ní 1992, Björk tó jẹ́ akọrin wọn sì gbé àwo orin jáde ní orúkọ ara rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àmọ́ òun àti Nellee Hooper, ẹni tó ń bá olórin ṣètò orin, ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Owó ni yóò kọ́kọ́ yàtọ̀. Nígbà tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́, bí owó tí ẹ gbà ní Bódìjà kò bá tó owó epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo yín lẹ jọ ń pín gbèsè náà. Ní báyìí, ìwọ ni yóò máa san owó onílù, èrò ì báà wá, wọn ì báà má wá, ìlù rẹ̀ nìkan sì ń gba odidi Micra kan!

Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn orin àtijọ́. Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gìtá tó ń ṣíde orin, èyí tí èrò fi ń pariwo kí o tó lanu rárá, ẹlòmíràn ló gbé e kalẹ̀. Kí o tó dá kọ wọ́n lórí ìtàgé, ẹ jókòó, kí ẹ kọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ẹni tó ni ohùn orin, àti ìpín tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí owó bá wọlé, sínú ìwé, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Ẹ ṣe é nísinsìnyí tí ẹ ṣì jọ ń jẹ àmàlà ní Mọ́kọ́lá, torí bí orin kan bá gbajúmọ̀ tán, agbẹjọ́rò ni yóò máa jíṣẹ́ láàárín yín.

Mú ìwé náà wá sílé lọ́jọ́ Àìkú kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Dùgbẹ̀ yóò bá wa yẹ̀ ẹ́ wò láìgba kọ́bọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.