Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí oúnjẹ Dámọ́lá ní Àbújá

Kúbwá, Àbújá

Ọ̀rẹ́ mi Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Dámọ́lá ńkọ́? Òtútù Leeds ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ máa lò nílé màmá ọkọ rẹ ní Gwárínpá lóṣù Kejìlá. A ń retí yín.

O ní Dámọ́lá kì í jẹ ju ìrẹsì funfun, búrẹ́dì, pòtétò díndín, ẹyin àti Weetabix lọ, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé ebi á pa á níbí. Kò ní pa á. Oúnjẹ márààrún yẹn wà ní Àbújá. Ohun tó máa dà yín láàmú, méjì ni: ata, àti ọwọ́ èèyàn. Kó o tó dé ìdí ìkòkò, ata ti wọ inú rẹ̀. Kí ọmọ tó jókòó ti àwo, ọwọ́ èèyàn ti fi bisikíìtì àti mọ́ọ̀tì kún inú rẹ̀. Àmọ́ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó yẹ kó o ṣe láti ibẹ̀.

Mílíìkì ni kó o kọ́kọ́ mójú tó. Mílíìkì tútù inú ike tó ń mu ní Leeds kò wọ́pọ̀ níbí. Lẹ́búlẹ́bú inú agolo la ń pò, adùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Tó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kìíní ní Gwárínpá ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, á ti abọ́ sẹ́yìn, ìwọ á sì rò pé Weetabix ló kọ̀. Bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbéra. Pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo, kó o wá fi ìdá kan rẹ̀ lu ìdá mẹ́ta mílíìkì tútù fún ọjọ́ mẹ́rin. Sọ ọ́ di ìdajì sí ìdajì fún ọjọ́ mẹ́rin mìíràn, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́ta sí ìdá kan, títí yóò fi ku lẹ́búlẹ́bú nìkan. Má da omi gbígbóná lé e lórí, torí kókó ló máa dì. Omi tútù díẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ fi rò ó kó nípọn, kó o tó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ là á. Tó o bá sì fẹ́ rà á níbí, ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké tó wà lọ́jà, òróró ló wà níbi tó yẹ kí ọ̀rá mílíìkì wà.

Weetabix wà ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Wúsè àti Màítámá, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Gbé tirẹ̀ dání. Bó bá ń jẹ méjì láàárọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ 42. Páálí oní-24 méjì á tó, mẹ́fà á sì ṣẹ́ kù fún èyí tó bá fọ́ nínú báàgì. Mú àwo, ife àti ṣíbí tó mọ̀ wá pẹ̀lú. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé àwo ló ń kọ̀, kì í ṣe oúnjẹ. Má gbé sọ́séèjì tàbí wàràkàṣì wá, torí NEPA kò ní bá ọ ṣọ́ fìríìjì.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í so mọ́ oúnjẹ: oògùn tó ń dènà ibà. Bó bá jẹ́ atovaquone-proguanil ni dókítà kọ fún un, ọjọ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó gbéra ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà, títí di ọjọ́ 7 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà délé. Tó bá lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá tàbí mílíìkì ló máa ń wọ ara dáadáa. Fún ọmọ tó ń yan oúnjẹ, ìyẹn ni pé oúnjẹ tó dá ọ lójú jù lọ lóòjọ́ ni kó o so ó mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Weetabix àárọ̀. Ó korò. Lọ̀ ọ́, kó o fi ṣíbí jáàmù kan gbé e mì fún un, kó tó jẹ abọ́ rẹ̀. Má dà á sínú abọ́ náà fúnra rẹ̀ o! Bó bá jẹ ìdajì, ìdajì oògùn ló lò, o sì lè fi ìkorò yẹn ba oúnjẹ kan ṣoṣo tó fọkàn tán jẹ́. Bó bá bì kí wákàtí kan tó pé, wọ́n máa ń tún un lò ni. Bi apòògùn yín kẹ́ ẹ tó kúrò.

Nínú bàálù, bíi wákàtí 6 ni láti London, ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú ni kó o ti béèrè oúnjẹ ọmọdé. Síbẹ̀, fi búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí báàgì ọwọ́.

Ọ̀rọ̀ ata wá kàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n se ọbẹ̀ ilé tán, kí wọ́n bu ti ọmọ, kí wọ́n fi omi là á. Ọbẹ̀ á ṣàn, ata á ṣì máa ta. Tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ yọ sọ́tọ̀ kí ata tó wọ̀ ọ́. Tòmátì ńlá 5, tàtàṣé pupa 1, ìdajì àlùbọ́sà: kò sí rodo, kò sí ṣọ̀ḿbọ̀. La tàtàṣé sí méjì, yọ kóró àti awọ funfun tó di kóró mú dànù, torí ibẹ̀ ni títa rẹ̀ ń gbé. Tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ̀. Ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rodo, bó o ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ata ṣì wà lára rọ́bà abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn tó ń lọ ata lọ́jà, gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Gbé e kaná láìsí òróró, kí omi rẹ̀ gbẹ, bíi ìṣẹ́jú 20, kó o tó da òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí i, kó o sì dín in títí òróró á fi léfòó. Tí omi kò bá gbẹ tán, á kan, kíkan yẹn sì lọ́pọ̀ ọmọ ń sá fún tí a ó máa rò pé pupa rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Má bù ú lé ìrẹsì rẹ̀ lórí. Fi ṣíbí kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo, kí funfun rẹ̀ wà ní funfun.

Bí ata bá bọ́ sí i lẹ́nu pẹ́nrẹ́n, omi kì í gbé e lọ. Mílíìkì tàbí yóògọ́ọ̀tì ni kó mu.

Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, má dán ohun tuntun kankan wò. Ọyẹ́ á ti dé, afẹ́fẹ́ á gbẹ, oòrùn ọ̀sán á sì gbóná, oúnjẹ á dín kù lẹ́nu rẹ̀, omi ni á máa béèrè. Fún un. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ tí ara bá tù ú ni kó o gbé oúnjẹ gidi kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, má gbé oúnjẹ tó ṣàjèjì pátápátá wá síwájú rẹ̀. Ìbátan ohun tó ti mọ̀ ni kó o fi hàn án.

Pòtétò Jọ́ọ̀sì pọ̀ lọ́jà Wúsè, nítorí náà pòtétò díndín kò ní wọ́n ọn. Dùǹdú ni àbúrò rẹ̀. Gé iṣu bí ìka ọwọ́, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Bọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 5, sẹ́ ẹ, jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kó o tó dín in. Èyí tí wọn ò bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti pọ́n nígbà tí inú rẹ̀ ṣì le. Fi ẹyọ kan sáàárín pòtétò mẹ́jọ, kó o má sì sọ ohunkóhun. Bó bá yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fi òmíràn síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó lè tó ìgbà 10 sí 15 kí ọmọ tó gba oúnjẹ tuntun, nítorí náà má retí pé gbogbo rẹ̀ á yanjú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Màásà á bá a lára mu, torí ó funfun, ó sì rọ̀ bíi pankéèkì. Ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó wú ni wọ́n ń dín. Ti kùtùkùtù tó ṣì gbóná ni kẹ́ ẹ rà, torí ìyẹ̀fun tó bá ti pẹ́ láti àárọ̀ máa ń kan. Ẹ ní kí wọ́n má bu míyàn táúṣè, ọbẹ̀ elégédé àwọn Hausa, sí i. Ṣúgà díẹ̀ ti tó.

Sùúyà? Rárá. Kúlíkúlí àti ata ni wọ́n fi pa ẹran náà lára kó tó fojú kan iná, kò sí bó o ṣe lè yọ ọ́ kúrò, ẹni tí ẹ̀pà bá sì jẹ́ èèwọ̀ ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bàláńgù ni kó o béèrè, ẹran yíyan tí yájì rẹ̀, ìyẹn ata àti kúlíkúlí yẹn, máa ń wà lọ́tọ̀. Sọ "babu yaji" (kò sí yájì) kí ẹni tó ń tà á tó fi ọ̀bẹ kàn án, torí ara pátákó tó ń gé ẹran lé lórí ni yájì àná ń gbé. Gé e wẹ́wẹ́ fún un, kó má baà há a lọ́fun.

Ohun tó máa dùn mọ́ ọn nínú ni pé sítróbẹ́rì Jọ́ọ̀sì máa ń dé Àbújá nígbà ọyẹ́. Omi tó ṣeé mu ni kó o fi fọ̀ ọ́. Ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ tó o fọwọ́ ara rẹ bó kò ní wàhálà, àmọ́ èyí tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá lórí bárò, fojú fò ó. Nọ́nò tí wọ́n ń gbé kiri, mílíìkì tí kò rí iná ni. Zóbò àti kúnù, omi ta ni wọ́n fi pò ó? Oúnjẹ sísè kò gbọ̀dọ̀ kọjá wákàtí méjì lórí tábìlì, lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí kan. Ra ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún ẹni tó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru, sílé, kó o sì ka iye omi tó wà lára sáṣẹ́ẹ̀tì kó o tó pò ó. Ti lítà kan tí wọ́n bá fi ife kan pò, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù fún ọmọ tó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru.

Ọwọ́ èèyàn ló wá kù, òun ló sì le jù. Lójú màmá, ọmọ tó kọ oúnjẹ rẹ̀, òun gan-an ló kọ̀. Má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa sọ ọ́. Jẹ́ kí ọkọ rẹ pè wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó dé, kó sọ pé: "Màmá, Dámọ́lá ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun, ẹ bá wa fi dòdò kọ́ ọ." Ẹ ti fún wọn níṣẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wa lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, tó ní àmì dúdú díẹ̀ lára, ni ó máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó ti rọ̀ jù á mu òróró.

Àlejò Kérésìmesì kì í wá lọ́wọ́ òfo. Láàárín oúnjẹ kan sí ìkejì, wákàtí méjì àtààbọ̀ sí mẹ́ta, omi nìkan ni kó mu. Gba bisikíìtì náà tọwọ́tọwọ́: "Ẹ ṣé mà, á jẹ ẹ́ tó bá jẹun tán." Kí Dámọ́lá náà ti Leeds kọ́ "Mo ti yó, ẹ ṣé mà", pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó ní òun ò jẹ, ta ló fẹ́ bá a jà?

Ìwọ ni kó o máa bù ún fún un, ṣíbí ìjẹun bíi 5 ìrẹsì, ṣíbí kan fún ọdún kan tó ti lò láyé. Abọ́ tí màmá bá bù lè tó ti àgbàlagbà, rírí rẹ̀ nìkan tó lé ọmọ sá. Ohun kan tó mọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí àwo nígbà gbogbo. Tí ìṣẹ́jú 30 bá pé, palẹ̀ mọ́ láìbínú. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì ṣèlérí súwíìtì fún un: ìrẹsì á di iṣẹ́, súwíìtì á di owó ọ̀yà.

Kọ̀wé sí mi bóyá ó ń jẹ ẹran adìyẹ, àti irú ẹyin tó fẹ́, bíbọ̀ tàbí díndín, kí n lè bá màmá ra nǹkan sílé kẹ́ ẹ tó balẹ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́