Ẹ kọ́kọ́ wá a kí ẹ tó pè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Atẹ̀wé ni mí ní Mọ́kọ́lá níbí. Ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó ni mò ń tò lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ń pè mí tọ̀sán-tòru. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń bèèrè, ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, aago mọ́kànlá ti lù, ọ̀kan nínú wọn pè: "Ọ̀gá, ẹ gbà mí o! Orúkọ màmá olóògbé ti di àpótí-àpótí lójú kọ̀ǹpútà." Ilẹ̀ tó máa mọ́ ni ìsìnkú. Ó ti pe èèyàn mẹ́rin, kò sẹ́ni tó gbé fóònù. Mo ní kó ṣí Google, kó kọ orúkọ sọ́fítíwíà tó ń lò, kó kọ Yorùbá, kó sì kọ àpótí lédè Òyìnbó. Kò pẹ́ tó fi rí ẹni tó ti bèèrè rẹ̀ lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn, tí wọ́n sì ti dá lóhùn. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní, àmì ohùn la máa ń gbé lé wọn lórí. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, tí kò bá ní àmì yẹn lè gbé àpótí jáde. Ó pààrọ̀ fọ́ǹtì sí Charis SIL, orúkọ màmá sì yọ kedere.

Wọ́n á ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí pátákó bá wà ní oríta, ẹ jẹ́ ká kà á ká tó kan ilẹ̀kùn onílé lóru.

Bí kọ̀ǹpútà bá sọ àṣìṣe kan, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ara yín túmọ̀ rẹ̀. Ẹ dà á kọ bó ṣe wà, kí ẹ fi àmì àyọlò ká a, kí Google lè wá gbólóhùn yẹn gan-an. Ẹ yọ orúkọ fáìlì yín kúrò níbẹ̀, torí ẹ̀yin nìkan lẹ ní i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè lórí sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ bíi LibreOffice kì í gbowó. Wọ́n ní iṣẹ́ oòjọ́ tiwọn.

Ẹni tó bá wá a títí tí kò rí i, kó bèèrè, kó má tijú rárá. Kó sọ ohun tó ti kà àti ohun tó ti dán wò. Irú ìpè bẹ́ẹ̀, bó bá wọlé láago méjì òru, màá dìde jókòó lórí ibùsùn kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn