Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Ihò Ara Ojú

Mọ́kọlá,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ 3, Oṣù Kẹsàn-án.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ pẹ̀lú fọ́tò mẹ́ta tí o fi sínú rẹ̀. Ọ̀kan péré ni mo ti rí ojú ọ̀rẹ́ mi. Nínú méjì yòókù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orí imú nìkan ni o yà, o sì sún wọn mọ́tòsí títí awọ fi rí bí afárá oyin. Má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò dúró tì ọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó Tóbi?

O ní kí n sọ ohun tí o lè fi pa àwọn ihò náà dé kí oṣù Kejìlá tó dé. Ọ̀rọ̀ pípadé yìí gan-an ló kó èmi náà sí wàhálà lọ́dún tí à ń múra ìgbéyàwó àbúrò mi. Ẹnì kan lọ́jà ní kí n bu omi gbígbóná sínú bàsíà, kí n da aṣọ bo orí lé e kí ihò ara lè là, kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà ha ojú, kí n sì wá fi omi yìnyín pa ihò náà dé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ mẹ́rin léraléra. Lálẹ́ kẹrin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ta mí bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lójú; nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ibi tó bó ti di dúdú, àwọn ihò sì jókòó síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Oṣù méje ni àpá náà lò. Ìdí nìyẹn tí pankéèkì fi nípọn lójú mi nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, tí o sì ń fi mí ṣẹ̀sín nígbà náà.

Dókítà awọ ara tí mo wá lọ bá ló là mí lóye. Ó ní ihò tí à ń wò yìí ni ẹnu ibi tí irun wẹ́wẹ́ ti ń hù, tí ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ awọ sì ń gbà da òróró síta. Kò ní iṣan kankan tó lè fi là tàbí tó lè fi padé. Ohun tí ooru omi ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí òróró inú rẹ̀ rọ̀, omi tútù sì ń mú kí ojú fà fún ìgbà díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ihò ẹni ṣe tóbi tó, ìdílé ló pọ̀ jù níbẹ̀: wo orí imú ìyá rẹ, kí o tún wo tìrẹ. Òróró tó bá pọ̀ jù máa ń fẹ̀ ẹ́, ohun tó bá dí sínú rẹ̀ náà ń fẹ̀ ẹ́. Bí ọjọ́ orí bá sì ti ń gòkè, tí oòrùn ti pa awọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, collagen tó ń di awọ mú ṣinṣin á dín kù, etí ihò á sì dẹ̀. Èmi àtìrẹ ti kọjá ogójì ọdún, a ò lè purọ́ fún ara wa. Nítorí náà, a kò lè pa wọ́n dé, ṣùgbọ́n a lè ṣe é kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀ hàn.

O kọ̀wé pé ọṣẹ dúdú tí mo fi ránṣẹ́ ni o ń fi kànìnkànìn fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Jọ̀wọ́, fi ọṣẹ yẹn sílẹ̀ fún ara. Eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n fi sè é. Eérú náà le fún awọ ojú, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń fà bí awọ ìlù lẹ́yìn tí o bá fọ̀ ọ́ tán. Kànìnkànìn ní tirẹ̀ ń ha ojú ni. Ra ọṣẹ ojú tí kò le, fi ọwọ́ lásán fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àti nígbà tí o bá làágùn. Má fi òróró àgbọn pa ojú mọ́, nítorí ó máa ń dí ihò.

Ohun funfun bí òwú tí o ń fi èékánná tẹ̀ jáde lórí imú kì í ṣe ìdọ̀tí. Òróró àti awọ tó ti kú ni, bí o bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, yóò tún kún láàárín nǹkan bí oṣù kan; àpá èékánná rẹ ni kò ní tètè lọ. Salicylic acid, èròjà tí wọ́n máa ń fi sínú ohun ìpalójú, tí ó jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára fún un, nítorí ó máa ń yòrò sínú òróró, ó sì lè tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú ihò lọ.

Ṣùgbọ́n adapalene, ìpara tí wọ́n fi ń wo irorẹ́, ni mo gbára lé jù. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ta èyí tí ó jẹ́ ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún láìgba ìwé dókítà ní Amẹ́ríkà níbi tí o wà. Jẹ́ kí ojú gbẹ dáadáa lálẹ́, fún un ní ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan péré, tò ó sí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti àgbọ̀n, kí o tó fi ìka tẹ́ ẹ káàkiri, má sì jẹ́ kí ó kan ìpéǹpéjú. Alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, má sì lo salicylic acid lálẹ́ kan náà. Ojú yóò kọ́kọ́ gbẹ, awọ rẹ̀ yóò sì máa bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìpara tí kò ní òróró ni kí o fi lé e. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjìlá kí ènìyàn tó rí ìyàtọ̀ gidi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kánjú kọ lẹ́tà yìí. Má fún àbúrò rẹ tó lóyún ní ìkankan níbẹ̀ o.

Ìpara oòrùn tí SPF rẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí ó ṣe lè dáàbò bo awọ tó lọ́wọ́ oòrùn) tó 30 kò gbọdọ̀ wọ́n lójú rẹ láàárọ̀, nítorí adapalene ń jẹ́ kí oòrùn tètè pa awọ, àwọn àpá dúdú wa yìí sì fẹ́ràn oòrùn. Ní ti lésà, iná alágbára tí wọ́n fi ń tọ́jú awọ, tí wọ́n dá owó ńlá lé, n kò ní kí o má ṣe é, ṣùgbọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n mọ bí a ti ń tọ́jú awọ dúdú, torí ooru rẹ̀ lè fi àpá sílẹ̀ lára wa. Ti ẹni tó ní kí o gba ìpara àpòpọ̀ láti Ìbàdàn ni mo kọ̀ pátápátá. Ìpara tí wọ́n fi ń bó ara, tó ní oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, ó sì ń hu irorẹ́ síni lójú. Mẹ́kúrì tí NAFDAC kọ̀ náà ṣì ń wà nínú àwọn mìíràn.

Bí o bá dé ní oṣù Kejìlá, ọyẹ́ yóò ti mú. Nígbà náà, dín adapalene kù kí ojú má baà sán. Bá mi ra ìpara oòrùn méjì bọ̀, irú èyí tí kì í mú ojú aláwọ̀ dúdú funfun bí ẹni tó fi ẹfun para. Èyí tí mo rà níbí, ọmọ mi ní mo jọ eégún.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́.