Láti Ìsàlẹ̀ ni Egbò Ti Ń Jinná: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní Kétu níbí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ní Ṣábẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gba Kútọnu lọ wá iṣẹ́,

Mo kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé láàárín oṣù méjì péré, ọmọbìnrin mẹ́ta ló wá jókòó tì mí lẹ́yìnkùlé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá ọmọ tọ́, tí wọ́n sì fi ohùn ìsàlẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan náà: ṣé obìnrin tó ti kúrò nílé ọkọ tòun tọmọ tún lè ní olólùfẹ́, pàápàá bí ẹni tó wù ú bá jẹ́ ọkùnrin tí ayé ti ṣe léṣe? Mo dá wọn lóhùn níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju èyí tí a ń sọ lórí ìdúró lọ, mo sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo yín lè kà á.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọdún 34 kí n tó fẹ̀yìn tì, egbò wíwẹ̀ ni mo sì ṣe jù nínú iṣẹ́ náà. Láti ìsàlẹ̀ ni egbò tó jìn ti ń jinná. Bí awọ òkè bá yára pàdé nígbà tí inú kò tíì mọ́, ọyún á máa kó jọ lábẹ́ rẹ̀, ara á máa gbóná, a ó sì tún fi abẹ ṣí ohun tí aláìsàn ti rò pé ó ti parí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ki irú egbò bẹ́ẹ̀ ní aṣọ tín-ín-rín tí a fi omi iyọ̀ rẹ, tí a ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí a kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pa dé kí inú rẹ̀ tó kún. Ohun kan náà ni mo wá rí nínú ilé ara mi.

Ní ọdún 2013 ni ọmọ mi obìnrin fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tòun ti ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó padà. Mo ní kí ó lọ fara dà á, kí àwọn ará àdúgbò má baà máa pè é ní dálémoṣú. Kò bá mi jiyàn. Ó kúnlẹ̀, ó ká ẹ̀yìn bùláòsì rẹ̀ sókè, mo sì rí ojú bẹ́líìtì lára rẹ̀, àwọn kan ti di àpá, àwọn kan ṣì pọ́n. Títí di òní, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà ṣì ń gún mi lọ́kàn.

Nítorí náà, kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo bẹ̀ yín nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, dálémoṣú. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ìlú wa. Ní ọdún 2001 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ogún ìṣẹ̀ǹbáyé tó yẹ kí a dáàbò bò, kí sì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí kò ṣe ọkùnrin tó múra bí obìnrin, tó gbé ère sórí, tó so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, tó ń jó kí ó lè fi yẹ́ àwọn ìyá sí, kí ó sì fi tù wọ́n lójú? Àwa tí a jó fún ìyá lánàá, tí ilẹ̀ bá mọ́, àwa náà la ó fi ìyá tó ń dá ọmọ tọ́ ṣe ẹlẹ́yà lójú ọ̀nà ọjà. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Ẹ jẹ́ kí ó bá àwa àgbà kú.

Ọkùnrin tí ọmọ mi wá fẹ́ràn lẹ́yìn náà, ọmọ àdúgbò wa ni, bọ́ọ̀lù ló sì ń gbá jẹun ní Kútọnu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ó fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ kan ló fi balẹ̀, orúnkún yí, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ tí nǹkan já nínú rẹ̀. Iṣan tó wà láàárín orúnkún, tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, tí kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú, ni ó já. Eegun tó kán lè so. Iṣan yẹn kì í sábà so fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ kan kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àwọn oníṣègùn sì sọ fún un pé kí ó má ṣe ronú pápá kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún pè é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọn kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún náà, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Mòrókò ní Íjíbítì, tí àwọn ọmọ wa sì fi pẹ̀nárítì lé wọn kúrò nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ariwo gba àdúgbò wa kan, àwọn ọmọdé ń lu páànù kiri. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà ní títì. Ọmọ mi, tó ń dín àkàrà ní ìkòríta, rí ilẹ̀kùn náà. Ó di àkàrà sínú ewé, ó rán ọmọ rẹ̀ sí i, ọmọ náà sì jókòó tì í kò padà bọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Kinẹ́, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ní kí ọkùnrin náà máa na ẹsẹ̀ náà kí ó sì máa gbé e sókè, ọgbọ̀n ìgbà láàárọ̀, ọgbọ̀n ìgbà lálẹ́. Kò sí irin ìdárayá nílé, ọmọ mi bá gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ kan tó ti gbó, ó bu iyanrìn kún un, ó rán an lẹ́nu méjèèjì, ó sì so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, níbi tí àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ń so ṣaworo mọ́ gan-an. Ọmọ kékeré náà á jókòó sórí àpótí, á máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ó bá ti ku díẹ̀ kí ó pé ogún, itan náà á máa gbọ̀n, òógùn á máa bọ́ sórí ẹní, ọmọ náà kò sì ní ka iye tó kàn àfi tí gìgísẹ̀ bá kúrò nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ewu gbà wọlé, ẹ̀yin ọmọbìnrin ni mo sì ń bá wí báyìí. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ mi kó owó èsúsú rẹ̀, 60.000 fáràǹkì, èyí tó ti yà sọ́tọ̀ fún owó ilé-ìwé ọmọ àti fún epo tí yóò fi dín àkàrà, ó sì fi san owó àyẹ̀wò àti oògùn ọkùnrin náà. Nígbà tí mo gbọ́, mo pè é wọ yàrá. Mo ní, "Ọmọ mi, olùrànlọ́wọ́ lo lè jẹ́ fún un, o kò lè jẹ́ oògùn rẹ̀. Lílò la ń lo oògùn. Tí a bá lò ó tán, a ó ju ìgò rẹ̀ nù." Ó sunkún gan-an. Ohun tó wá sọ lẹ́yìn ẹkún náà ni kí ẹ gbọ́ dáadáa: ó ní nígbà tí òun bá ń tọ́jú orúnkún ẹlòmíràn, òun kì í rántí ẹ̀yìn ara òun.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣe. Ẹ rí ẹni tí egbò rẹ̀ hàn síta, ẹ sì ń wẹ̀ ẹ́ kí ẹ má baà ṣí èyí tí ẹ fi aṣọ bò. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa dùn fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé awọ òkè ti pàdé. Mo rọ ọmọ mi kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, fún èmi, fún obìnrin kan tí mo fọkàn tán lára àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, kí ó tó gba ìfẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbà á tó ọdún kan. Kò sí ẹni tó lè lé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sáré.

Ẹ̀yin ọkùnrin, mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yìn, tí ẹsẹ̀ náà kò bá le mọ́, á máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò sí láyé. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbóná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ọkùnrin yìí sì jágbe mọ́ ọn débi pé ọmọ náà tọ̀ sára. Mo ní kí ó máa lọ sílé rẹ̀, mo sì sọ fún un pé ìrora kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ lórí ọmọ ọlọ́mọ. Ó padà wá ní ọjọ́ kejì, ó fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó bẹ̀ ẹ́, kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ká ní ọwọ́ rẹ̀ ló gbé sókè ni, n kì bá tí jẹ́ kí ó tún tẹ àgbàlá mi, bó ti wù kí ó bẹ̀ tó. Obìnrin tí wọ́n bá gbá ní ìgbájú ẹyọ kan, kí ó má ṣe dúró de èkejì.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà fún ọkùnrin náà nìyí. Lọ́jọ́ kan tí ooru mú, ó tú bẹ́líìtì rẹ̀ lásán kí ó lè jókòó dáadáa. Bí irin bẹ́líìtì náà ti dún, ọmọ mi dìde, ó jáde, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi. Ọkùnrin náà wò ó, kò béèrè ohunkóhun. Nígbà tí yóò tún wá, ṣòkòtò olókùn ló wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí tí ọmọ mi fi fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà fún un, n kò rí bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. Bí ẹ bá ti ṣe ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ẹ lọ gba ìkọ̀sílẹ̀ nílé ẹjọ́ kí ẹ tó ṣe òmíràn, nítorí òfin ìdílé wa ti ọdún 2004 kò mọ̀ ju ọkọ kan aya kan lọ. Ẹ má sì gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá tó bí i nítorí pé ẹ ti rí ẹlòmíràn, bí kò bá ti sí ewu fún ọmọ náà níbẹ̀. Ẹ má sì fipá mú ọmọ pe àlejò ní bàbá.

Ẹ ó bi mí bóyá ó padà sórí pápá. Ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ níbí lẹ́yìn ọdún méjì, ṣùgbọ́n Kútọnu kò pè é mọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń kọ́ báyìí. Bí ọyẹ́ bá dé, orúnkún náà a máa ro ó, ẹ̀yìn ọmọ mi náà sì wà bó ṣe wà. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Nígbà tó fẹ́ tọrọ ọmọ mi, ọmọkùnrin náà ló kọ́kọ́ lọ bá kí ó tó wá bá mi. Ọmọ náà ní kí ó jẹ́ kí òun sùn lé e. Ní òwúrọ̀ ó fún un lésì: ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun náà ni kí ó ṣì máa bá a ka ọgbọ̀n rẹ̀ láàárọ̀.

Èmi ni ìyá yín,
ní Kétu.