Oògùn tó ní mẹ́táàlì nínú

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ pé ká sá fún gbogbo oògùn tó bá ti ní mẹ́táàlì nínú, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa ló ń gbé ọ́síjìn kiri ara, kóbáàtì, tóun náà jẹ́ mẹ́táàlì, sì wà láàárín fítámì B12 (Dorothy Hodgkin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló fi X-ray tú àṣírí ìyẹn). Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ kan tó ní mẹ́táàlì tí wọ́n ń pè ní plátínọ́ọ̀mù nínú. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Barnett Rosenberg, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Michigan, l'Amẹ́ríkà, ń fi iná mànàmáná dán bakitéríà wò, ni wọ́n bá rí i pé kò pín sí méjì mọ́, ṣe ló kàn ń gùn gbọọrọ, àṣé kì í ṣe iná ló fà á o, plátínọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gbé iná wọnú omi ló ń yọ́ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. 1965 ni wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí yìí jáde, wọ́n wá dán an wò lára jẹjẹrẹ, torí pé òun náà ń pín ṣáá ni, nígbà tó fi máa di 1978 cisplatin ti di oògùn jẹjẹrẹ, ti kórópọ̀n gan-an ló ń wò sàn jù. Ó lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́ lóòótọ́, mi ò jiyàn, ìyẹn ni dókítà ṣe ń wọ̀n ọ́n kó tó fún èèyàn. Ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ, ẹ jọ̀ọ́.