Ẹ Má Kánjú Ta Ẹ̀rọ Ìṣeré Àtijọ́ Fún Onírin Àlòkù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ẹ̀rọ ẹlẹ́ṣin tàbí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé ọmọdé ròkè bá ti dákẹ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́, ẹni tó ni ín á ní ó ti gbó, á sì ránṣẹ́ pe onírin àlòkù. A ò fara mọ́ ọn rárá. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa irin. Omi ni, àti àìfi gírísì sí i.

Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ńlá ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria. Ọdún 1897 ni wọ́n gbé e dúró, iná sì jó o lọ́dún 1944. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà lọ́dún 1947, yàrá èrò 15 ni wọ́n so kọ́ ọ nínú 30 tó ní tẹ́lẹ̀, kí ẹrù má baà ju agbára irin náà lọ. Ó ṣì ń yí títí dòní.

Ní Iléṣà níbí, òjò ni ká máa ṣọ́. Omi á wọ inú páìpù, kò ní rọ́nà jáde, páìpù á sì máa jẹ láti inú nígbà tí ọ̀dà ìta ṣì ń dán. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án nísàlẹ̀, létí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Tó bá dún gbì dípò kó ró gooro, ó ti jẹ nìyẹn. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí wẹ́dà jó páìpù tó nípọn bákan náà sí i, kí ẹ sì lu ihò sí ibi tó rẹlẹ̀ jù kí omi lè máa jò dànù. Ẹ má kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí.

Ti bóòtù ló ń dùn wá jù. Bó bá ti dẹ̀, àwọn kan á kàn jó o pa. Iná á ba agbára rẹ̀ jẹ́, kò sì ní ṣeé tú yẹ̀ wò mọ́. Tuntun ni kí ẹ fi sí i. Bí orí rẹ̀ bá ní 8.8, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí irin rẹ̀ ṣe lágbára tó, ẹ má fi 4.6 tí kò lágbára tó o rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kí ó wọ ojú ihò tó.

Bó bá jẹ́ ọ̀pá àárín ló ti sán, ìyẹn nìkan la ò ní bá yín jiyàn lé lórí pé kí ẹ má tà á fún onírin àlòkù.

Lẹ́yìn àtúnṣe, àpò yanrìn ni kó kọ́kọ́ gùn ún, kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Kí ẹrù náà má ju iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ sí i lára lọ. Bẹ́líìtì lè di tuntun, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹṣin onígi ọjọ́un sílẹ̀. Àwọn ará Denmark náà ò pa ti àtijọ́ tì: ọkọ̀ ìṣeré tó ń sáré gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí òpó onígi ní ọgbà ìgbafẹ́ Tivoli, ní Copenhagen, láti ọdún 1914, ṣì ní oníbúrèkì tó ń jókòó sáàárín èrò.

Oṣù kọkànlá, tí òjò bá ti dá, ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, kí èrò Kérésì tó dé.

Àwa wẹ́dà àti káfíńtà tó ń tún ẹ̀rọ ìṣeré ṣe,
Iléṣà.